Ojú Ẹgbẹ̀rún àti Ẹ̀kán Tàdáwà Kan

Mọ́ńdè, 4/8/2025

Ìwé Ìṣirò ni ìwé yìí tẹ́lẹ̀. Mo ti ya ojú ewé mẹ́ta àkọ́kọ́ dànù. Ta ló ń ṣe ìṣirò nígbà họlidé? Bí ẹnikẹ́ni bá kà á láìgbàṣẹ, kí ojú rẹ̀ wú bíi búrẹ́dì. Àmín.

Kí n kọ́kọ́ kọ nípa Dókítà Òkú. Àǹtí Habeebah ni, ẹ̀gbọ́n mi. Dókítà gidi ni o. Ó ń kọ́ iṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá ní ilé àyẹ̀wò kan ní Wuye. Iṣẹ́ ọ̀hún: wọ́n á gé ẹran ara èèyàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, wọ́n á wò ó bóyá àrùn wà níbẹ̀. Àwọn ará ọjà Dei-Dei rò pé òkú nìkan ló ń là. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. (Lójú rẹ̀, "ẹ" ni, "ẹ jọ̀ọ́" ni, orúnkún nílẹ̀. Inú ìwé tèmi, "ó" ni. Kó wá mú mi.)

Ìdí tí mo fi ń kọ nǹkan: Màmá ní kókó lọ́mú. Ọmú òsì. Wọ́n ń wẹ̀ ni ọwọ́ wọn bà á. Wọ́n ní kò ju erèé lọ. Mo fọwọ́ kàn án. Irọ́ ni, ó tó ìlẹ̀kẹ̀ ńlá ti ìdí tẹ̀sùbáà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fi abẹ́rẹ́ bu ẹran díẹ̀ níbẹ̀, abẹ́rẹ́ tó gùn tó ọ̀nà Dei-Dei sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo búra. Ẹran náà wà ní láàbù Dókítà Òkú báyìí.

Ìyá tó bí Màmá, ọmú ló pa wọ́n. A kì í sọ ọ́ nílé. "Wọ́n ṣàìsàn ráńpẹ́" là ń wí. Ọdún méjì ni ráńpẹ́ yẹn.


Túsìdé, 5/8

Èsì ò tíì dé. Mo ti jẹ òkèlè ẹ̀bà mọ́kàndínlógójì, inú mi ṣì ṣófo. Ẹ̀rù ló ń jẹ gbogbo rẹ̀.


Wẹ́sìdé, 6/8

ALHAMDULILLAHI. Àwọ̀ ewé! Àwọ̀ ewé!

A wà ní ìsọ̀ Màmá nínú ọjà Wuye, níbi tí wọ́n ti ń ta àwo àti kúlà, ni Dókítà Òkú pè. Ó ní kí Màmá fọkàn balẹ̀, ẹ̀rọ ní kò sí nǹkan kan. Màmá jókòó gbì sórí páálí àwo. Méjì fọ́. Wọn ò tiẹ̀ wolẹ̀. Wọ́n kàn ń bi í pé, "Ẹ̀rọ wo? Ẹ̀rọ wo?" bí ẹni pé wọ́n fẹ́ lọ kí i nílé.

Ẹ̀rọ yẹn ni mo sọ ní Ojú Ẹgbẹ̀rún. Oṣù kẹfà ló dé láàbù wọn. Kó tó dé, dókítà àgbà kan ló ń fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo gíláàsì kọ̀ọ̀kan. Dókítà Ọbayẹmí lorúkọ wọn. Bàbá Tàdáwà lorúkọ tí mo fún wọn. Ibi tí wọ́n bá ti rí àrùn jẹjẹrẹ, wọ́n á fi máákà búlúù kán tàdáwà tóńtó sórí gíláàsì náà, kí ẹni tó bá tún fẹ́ wò ó lè mọ ibi tó máa wò. Gíláàsì tí kò bá ní àrùn, wọn kì í kán nǹkan sí i. Ó ti tó ogún ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é.

Àṣà wọn kejì: ọmọ iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò, kó sọ ohun tó rí, kí ọ̀gá tó la ẹnu. Tó bá gbà á, wọn ò ní yìn ín. Tó bá ṣì í, á padà sídìí awò títí ojú rẹ̀ á fi máa ṣomi. Nígbà yẹn, ẹkún ni Dókítà Òkú máa ń gbé délé.

Kò sẹ́kún mọ́. Ojú Ẹgbẹ̀rún ló ń ya fọ́tò gíláàsì, ìṣẹ́jú kan, ó ti wò ó tán. Pupa bí àrùn bá wà. Àwọ̀ ewé bí kò bá sí. Pupa nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ Bàbá Tàdáwà. Àwọ̀ ewé, Dókítà Òkú kàn ń tẹ "mo gbà", ó parí. Gíláàsì àtijọ́ tó kún kọ́bọ́ọ̀dù Bàbá Tàdáwà ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ náà, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Wọ́n tún mú òmíràn nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan náà, wọ́n fi dán an wò. Kò ṣi ẹyọ kan.

Ó tiẹ̀ ní látìgbà tí ẹ̀rọ ti dé, pupa ò wọ́pọ̀ mọ́. Màmá ní àdúà ààwẹ̀ ló gbà.


Tọ́sìdé, 7/8

Màmá ń kọrin wákà láti àárọ̀. Ohùn wọn burú débi pé ewúrẹ́ ilé kejì kó ẹrù rẹ̀ lọ. Mi ò ní kí wọ́n dákẹ́.


Jímọ̀, 8/8

Ìkọ̀wé mi ò jọ ti èèyàn lónìí.

Màmá se ìrẹsì ọpẹ́, wọ́n kó o sínú fúláàsì oúnjẹ wọn pupa, wọ́n ní kí n gbé e fún àwọn ará láàbù. Mo débẹ̀, ó ku díẹ̀ kí wọ́n pe ìrun Jímọ̀. Yàhàyá, ẹni tó ń nu gíláàsì tó sì ń tò ó sínú ẹ̀rọ, ti ṣí fúláàsì kí n tó gbé e kalẹ̀ dáadáa. "Kai! Sànnu, Ummu. Ẹran mélòó ló wà ńbẹ̀?" Mo ní méjìlá ni nígbà tí mo kúrò nílé. Ó kà á. Méje. Mi ò mọ nǹkan kan nípa márùn-ún o.

Òun àti Dókítà Òkú ń lọ kírun. Èmi ò kírun lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ obìnrin. Dókítà Òkú fi ìka gún àga: "Jókòó síbí. Má fọwọ́ kan nǹkan kan." Ta ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún irú èmi?

Àwàdà ni mo fẹ́ ṣe. Wallahi, àwàdà ni.

Àpótí méjì wà lórí tábìlì, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ara tó dá ṣáṣá wà nínú ọ̀kan, jẹjẹrẹ wà nínú èkejì. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára wọn. Mo mú gíláàsì kan nínú èyí tó dá ṣáṣá. Mo yọ máákà búlúù Bàbá Tàdáwà nínú ife wọn. Mo kán an tóńtó. Èrò mi ni pé kí Dókítà Òkú dé, kó rí tàdáwà lórí ẹran tí kò ní àrùn, kó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri bí adìyẹ. Kí n rẹ́rìn-ín. Kí n lọ sílé.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wà níbẹ̀, ó ń wò mí. Mo sì ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Fa dúrọ́ọ̀. Tò ó. Tì í padà. Tẹ bọ́tìnnì.

Pupa. Gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, bí ata tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.

Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo di ikùn mú. Mo fi òwú àti sípíríìtì nu tàdáwà náà bí a ṣe ń fọ wàláà nílé kéwú, mo tún un tì sẹ́nu ẹ̀rọ. Àwọ̀ ewé. Mo tún kán tàdáwà sí i. Pupa. Mo nù ún. Àwọ̀ ewé. Ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ẹ̀rín ti tán lẹ́nu mi nígbà yẹn.

Mo ṣí àpótí jẹjẹrẹ. Mo mú ọ̀kan, tàdáwà Bàbá wà lórí rẹ̀. Mo tì í. Pupa. Mo nù ún — Ọlọ́run má bínú — mo nu tàdáwà ogún ọdún. Mo tì í.

Àwọ̀ ewé.

Ẹran kan náà. Àrùn kan náà, tó ti lè pa ẹni tó ni ín. Tàdáwà nìkan ló kúrò.

Ojú Ẹgbẹ̀rún ò rí ẹran rí láyé ẹ̀. Tàdáwà ló ń wá. Gbogbo jẹjẹrẹ tí wọ́n fi kọ́ ọ ló ní tàdáwà Bàbá lórí, òun náà bá gbà pé tàdáwà ni jẹjẹrẹ.

Tuntun sì ni gíláàsì Màmá. Bàbá Tàdáwà ò fojú kàn án rí. Kò sẹ́ni tó kán nǹkan kan sí i. Kí ló fẹ́ sọ ọ́ di pupa?

Mo dá gbogbo nǹkan padà sáyè wọn. Dókítà Òkú wọlé, omi àlùwàlá ṣì wà létí rẹ̀. Ó bi mí bóyá mo fọwọ́ kan nǹkan. Mo ní rárá. Mo sá jáde débi pé mo gbàgbé fúláàsì Màmá síbẹ̀.


Sátidé, 9/8

Bí mo bá sọ ọ́: wọ́n á mọ̀ pé Dókítà Òkú fi ọmọdé sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ lè ra gbogbo Dei-Dei, àti màlúù inú rẹ̀. Oṣù tó kọjá ni wọ́n lé Kenny, ìránṣẹ́ wọn, torí ó mú ọ̀rẹ́bìnrin ẹ̀ wọ yàrá yẹn lọ ya fọ́tò. Wọn ò jẹ́ kó jẹ oúnjẹ ọ̀sán tán. Ó ku ọdún kan péré kí Dókítà Òkú parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá ìwé! Bàbá wa ti ta ilẹ̀ Kabusa nítorí ìwé yẹn.

Bí mi ò bá sọ ọ́ —

Mi ò lè kọ ìyókù.


Sọ́ńdè, 10/8

Màmá ní kókó náà ti ń kéré. Wọ́n fa ọwọ́ mi, wọ́n gbé e lé e. Kò kéré. Mo ní, "Ó ti ń kéré, Màmá." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo lọ jókòó sínú ilé ìyàgbẹ́ títí ẹsẹ̀ mi fi kú.


Mọ́ńdè, 11/8

Mo tẹ̀ lé Bàbá mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn, níbi tí wọ́n ti ń ta páànù. Alhaji Jàbárù Oní-páànù, gbogbo Dei-Dei mọ̀ wọ́n. Oníbàárà kan dé, ó ń kánjú. Bàbá ṣì ń fi ìka kan páànù náà, kó, kó, wọ́n di etí rẹ̀ mú, wọ́n mì ín, wọ́n tẹ́tí sí i. Ọkùnrin yẹn ní, "Alhaji, wọ́n ti tẹ nọ́ńbà bó ṣe nípọn tó sí i lára. Ẹ jẹ́ n máa lọ jàre." Bàbá ò gbójú sókè. "Nọ́ńbà, ẹni tó ṣe é ló kọ ọ́. Èmi, etí mi ni mo fi ń ta páànù. Òjò ò mọ̀wé kà."

Òjò ò mọ̀wé kà. Ó wọ̀ mí lára bí omi tútù.

Nígbà tí oníbàárà lọ, mo bi wọ́n pé, bí ẹ̀rọ bá ní èèyàn ò lárùn ńkọ́. Wọ́n ní, "Ta ló wò ó lẹ́yìn ẹ̀rọ?" Wọ́n wá wò mí gan-an. "Ummulkhulthum." Odindi orúkọ. "Kí lo ṣe?" Mo ní kò sí. Wọ́n ní, "Ìwọ, láti àárọ̀, o ò purọ́ kankan fún mi. Nǹkan wà."


Túsìdé, 12/8

Mo pe Dókítà Òkú láti sọ ọ́. Kí n tó la ẹnu, òun ló ń sọ̀rọ̀, inú ẹ̀ ń dùn. Wọ́n ka èsì oṣù keje. Pupa mẹ́rin péré! Oṣù keje ọdún tó kọjá, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ọ̀gá pátápátá ra kéèkì fún gbogbo wọn.

Kéèkì.

Mo ní ẹ kú oríire, mo pa fóònù. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló sọnù. Mo ń kà wọ́n lójú nínú ọjà: ìyá aláṣọ yẹn, ìyá tó ń ta kunu, ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ yẹn. Gbogbo wọn ń rìn, wọ́n ń ná ọjà, àwọ̀ ewé wà lápò wọn.


Wẹ́sìdé, 13/8

Mo ti sọ ọ́.

Dókítà Òkú wá kí wa nílé. Mo fà á lọ sẹ́yìnkùlé, níbi okùn aṣọ. Mo sọ gbogbo ẹ̀ láìmí. Ó gbá mi létí. Mo rí ìràwọ̀, mo rí òṣùpá, mo tún rí ojú ìyá ìyá mi. Mo ní kó gbá ìkejì, ṣùgbọ́n kó lọ wo gíláàsì Màmá.

Kò gbá ìkejì. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀melòó lo nù ún?" Mo ní ẹ̀ẹ̀mẹta èyí tó dá ṣáṣá, ẹ̀ẹ̀kan jẹjẹrẹ. "Jẹjẹrẹ náà di àwọ̀ ewé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí.

Ó jókòó sórí òkúta ìfọṣọ, òkúta tútù, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó wá ní, "Àwọn mẹ́rin yẹn, Ummu. Mẹ́rin tó pupa. Ọsibítù mìíràn ló fi wọ́n ránṣẹ́ sí wa. Wọ́n ti kán tàdáwà sí wọn kí wọ́n tó dé."

Mo ní ẹ wo ti Màmá fúnra yín, ṣebí ẹ mọ̀ ọ́n wò. Nǹkan tó sọ nìyí, mi ò fi kún un, mi ò yọ nínú rẹ̀: "Mi ò tíì tẹjú mọ́ awò látoṣù kẹfà. Mo tẹ 'mo gbà' lórí ti ìyá mi, mi ò tiẹ̀ wò ó. Bí mo bá wò ó báyìí tí mi ò rí nǹkan kan, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá kò sí ni, àbí ojú mi ló ti kú?"

Èmi tí mo ń bẹ̀rù pé wọ́n á lé e. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ju ìyẹn lọ.

Màmá pariwo láti inú kíṣìnnì: "Ẹ̀yin méjèèjì! Kí lẹ tún ń jà lé lórí?"

Ó dáhùn kíá. "Aṣọ ni, Màmá!" Ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò mọ̀ pé ó mọ irọ́ pa tó bẹ́ẹ̀.


Tọ́sìdé, 14/8

Agogo mẹ́jọ àárọ̀ la ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì Bàbá Tàdáwà. Àǹtí kúnlẹ̀, èmi náà kúnlẹ̀. Mo sọ ọ́. Mo ń retí ìró ìbínú. Wọ́n kàn ní kí n dìde, kí n ṣe é lójú wọn.

Mo ṣe é. Pupa. Àwọ̀ ewé. Pupa.

Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún, ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. "Ogún ọdún ni mo fi ń kán tàdáwà," wọ́n ní. "Mo rò pé ọmọ èèyàn ni mò ń tọ́ka fún." Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹni tó wọ yàrá àti ẹni tó fi í sílẹ̀ á dúró dọ̀la. Wọ́n ní, "Gbé gíláàsì ìyá yín wá."

Kékeré. Kò ju ìka kan lọ. Ẹran tó wà lórí rẹ̀ rí bí àbàwọ́n osùn. Màmá mi nìyẹn, lórí gíláàsì.

Àǹtí nà án sí wọn. Wọn ò gbà á. "Ìwọ lo máa kọ́kọ́ wò."

"Sà, ìyá mi ni."

"Mo mọ̀. Wò ó."

Àṣà wọn. Kódà lónìí. Mo kórìíra wọn títí dé ìka ẹsẹ̀ mi.

Ó wò. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Mi ò bù mọ́ ọn, aago wà lára ògiri. Òógùn ń kán láti abẹ́ ìborùn rẹ̀. Ó ń yí nǹkan kékeré ẹ̀gbẹ́ awò yẹn, ó ń dúró, ó ń padà. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó má rí nǹkan kan. Mo tún ń bẹ̀ Ẹ́ pé, bó bá wà níbẹ̀, kó rí i. Àdúà méjì tó ń jà.

"Lókè," ó ní. Ohùn rẹ̀ ò jọ tirẹ̀. "Lápá òsì. Wọ́n tò bí èèrà. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn. Kò yẹ kí wọ́n wà níbẹ̀, sà."

Bàbá ní kó dìde. Wọ́n jókòó, wọ́n tẹjú mọ́ awò. Yàhàyá dúró lẹ́nu ọ̀nà, òwú wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Wọn ò gbórí sókè. Ọwọ́ wọn nìkan ló jáde, ó ń táràrà lórí tábìlì, ó ń lọ síbi ife yẹn. Bíírò méjì wà nínú rẹ̀. Pẹ́ńsù wà nínú rẹ̀. Sísọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀. Mo ń sọ ọ́ sínú pé kí wọ́n mú bíírò. Ẹ mú bíírò. Bàbá, ẹ dákun, ẹ mú bíírò.

Máákà búlúù ni wọ́n mú. Wọ́n fi eyín ṣí i.

Wọ́n kán an, tóńtó.

Tí èèyàn bá gbà á, wọn kì í yìn ín. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé ọwọ́ lé Àǹtí léjìká, wọn ò tètè gbé e kúrò. "O rí i," wọ́n ní. "Ó nira láti rí, o sì rí i. Ó ṣì kéré. A lè lé e bá." Wọ́n wá yíjú sí Yàhàyá pé kó pa ẹ̀rọ yẹn, kó kó gbogbo àwọ̀ ewé wá láti oṣù kẹfà. Gbogbo wọn.

Yàhàyá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpótí wọlé. Ọ̀kan. Òmíràn. Mo kà á dé mẹ́sàn-án, mi ò kà á mọ́. Àǹtí ti fa awò kejì sọ́dọ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú kó lè ríran.

Fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí tábìlì. MÀMÁ. Ó wò ó bí ẹni ń wo ejò. Bàbá wò mí.

Mo gbé e.

"Ummu? Ṣé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ lo wà? Ẹ bá mi mú fúláàsì mi bọ̀ o. Ó ti fẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kan! Àbí wọ́n jẹ ẹ́ mọ́ ìrẹsì ni?"

Ó wà níwájú mi, lórí fèrèsé. Wọ́n ti fọ̀ ọ́. Ó ń dán.

Mo ní, "Mo ti rí i, Màmá. À ń bọ̀."